Owó Ilé Kíkọ́, Ọwọ́ Ta Ló Ń Bọ́ Sí?

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Thiruvananthapuram, olú ìlú ìpínlẹ̀ Kerala ní gúúsù Íńdíà, ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí ilé pupa róbótó kan tó lọ́ gòkè bí ìkarahun ìgbín. Ilé oúnjẹ ni, Indian Coffee House ni wọ́n ń pè é. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ wá àtẹ̀gùn, ẹ kò ní rí i. Ilẹ̀ ilé náà fúnra rẹ̀ ló ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tó ń yí po títí tó fi dé òkè, tí tábìlì àti ìjókòó sì tò tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó lè gbé tábìlì wọ̀nyẹn kúrò lójú kan, torí wọ́n mọ wọ́n mọ́ ara ilé ni. Ògiri òde kún fún ihò kéékèèké tí wọ́n dìídì fi sílẹ̀ láàárín bíríkì. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé, ariwo bọ́ọ̀sì pàápàá kò gbẹ́yìn.

Àwọn àgbà wa ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tí mo ń wí yìí lanu láti òkè délẹ̀, tinútinú sì ni ẹni tó kọ́ ọ fi là á lẹ́nu.

Nígbà tí mo ń kàwé ní ìlú náà, ibẹ̀ la sábà máa ń jókòó sí, torí kọfí wọn dùn, kò sì wọ́n. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún wa máa ń wọ aṣọ funfun, wọ́n á wé láwàní tó na ìyẹ́ sókè gàgàrà. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ni ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Mo rántí pé ọ̀kan nínú wọn, bàbá àgbàlagbà kan, rí mi tí mò ń fọwọ́ pa ara ògiri náà tí mò ń wò ó, ló bá sọ fún mi pé Baker ló kọ́ ọ. Ó pe orúkọ náà bí ẹni pé ará àdúgbò ni. Látìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ọkùnrin yìí kiri, kò sì pẹ́ tí ilé rẹ̀ fi gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn ní Íńdíà tí wọ́n ń kọ́lé pẹ̀lú irú ọkàn kan náà.

Laurie Baker, ayàwòrán-ilé ni, kì í ṣe ọmọ Íńdíà nípa ti ìbí. Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1917. Ọmọ ìjọ Quaker ni, àwọn tí kì í gbé ohun ìjà, nítorí náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìtọ́jú aláìsàn àti ẹni tó fara gbọgbẹ́ ló lọ ṣe ní Ṣáínà. Nígbà tó ń padà lọ sílé, ó dúró de ọkọ̀ òkun ní Bombay, ibẹ̀ ló ti bá Gandhi pàdé. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Gandhi kọ́kọ́ rí, bàtà tí Baker fi àkísà aṣọ rán fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí Gandhi sọ fún un wọ̀ ọ́ lára títí ó fi kú: pé ilé tó dára jù ni èyí tí gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ wá láti ibi tí kò ju máìlì márùn-ún sí ojú ilẹ̀ náà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe le tó. Máìlì márùn-ún! Ẹ ka ohun tó wà nínú ilé tí ẹ ń gbé báyìí, kí ẹ wo èyí tó ti máìlì márùn-ún wá nínú rẹ̀.

Baker padà sí Íńdíà ní 1945, iṣẹ́ àtúnṣe ilé ìtọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ ló gbé e wá. Ó fẹ́ dókítà kan, ọmọ Kerala, Elizabeth Jacob, ní 1948, àwọn méjèèjì sì lọ ń gbé Pithoragarh, lórí òkè Himalaya, fún nǹkan bí ọdún 16, níbi tí wọ́n ti ń ṣètọ́jú àwọn ará òkè. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ ní Birmingham kò wúlò tó bí òun ṣe rò. Àwọn ará òkè mọ ìdí tí wọ́n fi ń to òkúta báyìí, wọ́n mọ igi tó ń gba òjò àti igi tí ikán kì í jẹ. Ó jókòó tì wọ́n, ó sì kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá sọ̀kalẹ̀ wá sí Kerala ní àwọn ọdún 1960, ó ti di ẹlòmíì. Ó di ọmọ Íńdíà nínú ìwé, ìjọba fún un ní oyè Padma Shri ní 1990, Thiruvananthapuram ló sì kú sí ní 2007, lẹ́ni 90 ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín sún mọ́ ògiri rẹ̀, torí inú ògiri ni ọgbọ́n wà.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí bíríkìlà bá ń to bíríkì sísun, á tẹ́ ẹ sùn ni. Baker ní kí wọ́n gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́: bíríkì méjì á kọjú síra ní ìhà méjèèjì ògiri, òmíràn á wá dábùú wọn. Àlàfo á wà láàárín, òfìfo. Ògiri náà nípọn tó ti àtijọ́, ó ń ru ẹrù bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n nínú bíríkì mẹ́rin tí à bá lò, ọ̀kan ti ṣẹ́kù. Afẹ́fẹ́ tó há sínú àlàfo yẹn kì í jẹ́ kí ooru òde tètè dé inú yàrá. Ẹ tún rántí pé igi ni wọ́n fi ń sun bíríkì ní Kerala nígbà náà. Bíríkì tí a kò lò, igi tí a kò gé ni.

Dẹ́kìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé nínú dẹ́kìn, kọnkéré apá òkè ló ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀, irin apá ìsàlẹ̀ ló ń gba fífà. Kọnkéré tó wà nísàlẹ̀ láàárín irin sí irin kàn ń wúwo lásán ni, ó sì ń jẹ owó. Baker kó àwo òrùlé alámọ̀ tó ti gbó, tí àwọn èèyàn ti kó dànù, ó tẹ́ ẹ méjì-méjì sí àwọn àlàfo yẹn kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Sìmẹ́ńtì dín kù, irin dín kù, ilé fúyẹ́. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ gbójú sókè, ẹ óò rí àwọn àwo pupa náà tò rẹrẹ lókè yín. Kò sí páànù àjà tí ẹ tún fẹ́ rà.

Kì í rẹ́ ògiri. Bíríkì ló rí pupa, ó jẹ́ kó pupa bẹ́ẹ̀. Ẹfun tí wọ́n fi ìkarahun òkun sun ló ń lò níbi tí ẹlòmíràn á ti da sìmẹ́ńtì sí. Ìgò àfọ́kù ló ń kì bọ inú ògiri kí oòrùn lè ta àwọ̀ sínú ilé. Ẹ̀yìn ìwé ìpè ìgbéyàwó àti àpòòwé tí wọ́n ti lò ló ń ya àwòrán ilé sí. Bí igi bá wà lójú ilẹ̀, ògiri ló máa yà fún igi. Mo rí èyí pẹ̀lú ojú mi ní Centre for Development Studies, ilé ẹ̀kọ́ gíga nípa ọrọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970: ògiri ibẹ̀ ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn igi, inú ilé ìkàwé rẹ̀ sì tutù lọ́sàn-án gangan láìsí ẹ̀rọ amúlétutù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń yin Baker, ìwọ̀n owó tó ń dín kù ni wọ́n máa ń sọ. Òótọ́ ni, ó ń dín kù. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni ibi tí owó tó kù ń gbà lọ. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì, irin àti gíláàsì kọ́ ilé, ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lọ́nà jíjìn ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó wa, ìwọ̀nba díẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó làágùn. Ògiri tó lanu yẹn ń fẹ́ sùúrù, ó ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Bíríkìlà tó ń to ó máa pẹ́ lórí rẹ̀, owó ọjọ́ rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Ẹni tó ń sun bíríkì ní abúlé kejì á rí tiẹ̀, ẹni tó ń sun ìkarahun fún ẹfun á rí tiẹ̀, káfíńtà á rí tiẹ̀. Ilé kan ṣoṣo, ó bọ́ àdúgbò. COSTFORD, àjọ tí Baker àti àwọn bíi C. Achutha Menon, olórí ìjọba Kerala tẹ́lẹ̀ rí, jọ dá sílẹ̀ ní 1985, ṣì ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ń kọ́ ilé fún tálákà àti olówó bákan náà. Baker kò fara mọ́ ọn rárá pé kí á máa pe irú ilé yìí ní ilé tálákà. Ó ní ẹni tó lówó gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ìfiṣòfò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá kan àwùjọ lódindi ni àdúgbò tí àwọn ayàwòrán-ilé méjì kan fi sílẹ̀ láìparí.

Charles Correa ló ṣe ti Belapur, ní Navi Mumbai, láàárín ọdún 1983 sí 1986. Ilé kéékèèké ni, méje-méje yí àgbàlá kan ká. Ìṣọ̀wọ́ mẹ́ta irú rẹ̀, ìyẹn ilé 21, tún jọ ni àgbàlá tó tóbi ju ìyẹn lọ. Ọmọ Yorùbá tó bá dé ibẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé agbo ilé fún un. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí agbo ilé tiwa kò ní: ilé kan kò bá èkejì pín ògiri. Correa ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó bá rí owó lè fi yàrá kan kún tiẹ̀ láìmi ògiri aládùúgbò. Ó ti mọ̀ pé wọ́n máa kọ́ kún un. Wọ́n sì kọ́ kún un lóòótọ́, àwọn kan tiẹ̀ wó ti Correa dànù pátápátá, wọ́n gbé ilé kọnkéré ńlá sí ojú rẹ̀. Àwọn ayàwòrán-ilé kan máa ń dárò rẹ̀. Èmi kò rò pé ó yẹ kí á sunkún lé e lórí, torí àgbàlá ibẹ̀ ṣì wà, igi ibẹ̀ ti dàgbà, àwọn ọmọdé ṣì ń ṣeré níbẹ̀.

Balkrishna Doshi lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Aranya, ní ìlú Indore. Doshi yìí ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó gba Pritzker, àmì ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n ń fún àwọn ayàwòrán-ilé kárí ayé, ní 2018. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2023, lẹ́ni 95 ọdún. Ó ti bá Le Corbusier ṣiṣẹ́ ní Paris, ó sì bá Louis Kahn ṣiṣẹ́ ní Ahmedabad, ayàwòrán-ilé tí òkìkí wọn kàn káyé ni àwọn méjèèjì, kò sì sí irú ilé olówó tí kò lè kọ́. Ní Aranya, ìpìlẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló fún àwọn èèyàn. Ẹ kà á dáadáa. Ilẹ̀ kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 35, bíi mítà mẹ́fà níbùú àti mẹ́fà lóròó, ìpìlẹ̀ tó ti fìdí múlẹ̀, omi, iná, ibi ìwẹ̀ àti ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyókù, onílé á máa kọ́ ọ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ń ká a. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti lọ wo bí àwọn tálákà Indore ṣe ń gbé ní tòótọ́: ẹni tó ń rán aṣọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń tajà lójú fèrèsé, ìyá tó ń gé ẹ̀fọ́ lórí àtẹ̀gùn tó ń wo ọmọ tó ń ṣeré ní títì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti pèpéle iwájú ilé wá di ohun pàtàkì nínú àwòrán wọn. Wọ́n ta àwọn ilẹ̀ ńláńlá fún àwọn tó rí já jẹ, èrè ibẹ̀ ni wọ́n fi gbọ́ bùkátà àwọn tí kò ní, gbogbo wọn sì jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Ilé tó lé ní 6,500 ló wà níbẹ̀, ó gba ẹgbẹ̀rún 80 èèyàn. Ọgọ́rin péré ni Doshi kọ́ parí, kí àwọn èèyàn lè rí àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ Aranya gba àmì ẹ̀yẹ Aga Khan, tí wọ́n ń fún iṣẹ́ ilé kíkọ́, ní 1995.

Ìgboyà ńlá ni kí ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì láti parí. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ní Kutch, ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, ilẹ̀ ríri ló fi ọ̀rọ̀ náà hàn. Òwúrọ̀ ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2001 ni, ilẹ̀ mì tìtì, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.7, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì kú. Ilé alájà tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ wó lulẹ̀ títí dé Ahmedabad. Àmọ́ àwọn bhunga, ilé amọ̀ róbótó tí àwọn darandaran Banni ń kọ́ láti ayébáyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró. Ilé róbótó kò ní igun tí ìmìtìtì á ti fà á ya, òrùlé koríko kò sì wúwo tó láti pa ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìjọba Gujarat jẹ́ kí owó bọ́ sọ́wọ́ àwọn onílé fúnra wọn, ní ìpín-ìpín, kí kálukú kọ́ ilé rẹ̀. Inú iṣẹ́ àtúnkọ́ yìí ni Hunnarshala ti jáde ní Bhuj, àjọ tó kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jọ láti tún ilé amọ̀ ṣe kó lè fara da ìmìtìtì. Wọ́n tún dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ìwé kò yọ lára wọn, Karigarshala, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ ògiri. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣì ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ṣe ọnà sára ògiri, wọ́n á to dígí wẹẹrẹ sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tan fìtílà kan ṣoṣo lálẹ́, gbogbo ilé á máa tàn yanran.

Àárín ohun tí mo fẹ́ràn yìí ni ohun tó ń dùn mí wà. Ní Íńdíà lónìí, tálákà tó rí owó díẹ̀ kò fẹ́ amọ̀ mọ́. Kọnkéré ló ń fẹ́, ìjọba pàápàá kò ka ilé amọ̀ sí ilé tó pé nígbà tó bá ń ka ilé àwọn ará abúlé. Ẹ sì wo ọ̀dọ̀ àwọn olówó: àwọn ni wọ́n ń sáré wá ilé amọ̀ báyìí, tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn aláràbarà. Mi ò lè dá tálákà náà lẹ́bi. Bí wọ́n bá ti fi ilé bú ọ láti kékeré, wàá fẹ́ ilé tí ẹnu ò ní lè kàn. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí ní Ìsẹ́yìn, alámọ̀ ni. Ọ̀wẹ̀ ni bàbá àgbà bẹ̀ láti fi mọ ọ́n, ìpele kan lónìí, kó gbẹ, kí wọ́n tó gun èkejì, kí ìyàwó ilé máa se oúnjẹ fún àwọn ọlọ́wẹ̀. Nígbà tí ẹbí rí owó, wọ́n wó o, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, wọ́n sì fi páànù bò ó. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, abẹ́ igi máńgòrò ni gbogbo wa máa ń sá lọ.

Wọ́n máa ń pa á lówe pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe náà pé, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi amọ̀ ṣẹ̀sín, amọ̀ kì í sì í ṣe itọ́. Amọ̀ tó bá ní ìpìlẹ̀ gíga àti òrùlé tó yọ síta dáadáa, òjò Kerala ò lè rí i gbé ṣe, áńbọ̀sìbọ́sí òjò Ìsẹ́yìn. Bàbá Demas Nwoko, ayàwòrán-ilé ọmọ Nàìjíríà, ti fi èyí hàn wá ní Ìbàdàn láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ó po ilẹ̀pa ibẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó sì fi kọ́ ilé tó dúró títí dòní. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Mélòó nínú àwọn tó ń gba Ìbàdàn kọjá ló mọ̀ pé òun ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican tó wà níbẹ̀?

Tilonia ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀, abúlé kan ní Rajasthan, níbi tí òjò kì í ti í pọ̀. Barefoot College, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fún àwọn ará abúlé tí Bunker Roy dá sílẹ̀ ní 1972, kọ́ ọgbà tuntun síbẹ̀ láti 1986. Bhanwar Jat, àgbẹ̀ kan tí kò mọ̀wé kà, ló ṣíwájú iṣẹ́ náà, òun àti àwọn méjìlá mìíràn láti abúlé. Gbogbo òrùlé ibẹ̀ ló ń da omi òjò sínú ìkùdù abẹ́ ilẹ̀ tó ń gba lítà 400,000. Roy máa ń sọ pé àwọn obìnrin ló fi nǹkan pa òrùlé náà kó má baà jò, pé ṣúgà pupa ìrèké wà lára rẹ̀, àti pé wọ́n kọ̀ láti sọ ìyókù fún òun. Òrùlé náà kò jò.

Ní 2001, wọ́n fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ Aga Khan, irú èyí tí Doshi gbà. Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀, torí ayàwòrán-ilé ọ̀dọ́ kan ti ya àwòrán ọgbà náà níbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń bèèrè pé ta gan-an ni kí á pè ní ẹni tó kọ́ ọ. Àwọn ará Tilonia ní ayàwòrán yà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ló kọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò yanjú bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n dá àmì ẹ̀yẹ náà padà, tòun ti 50,000 dọ́là tó bá a rìn.

Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jiyàn lórí èyí. Wọ́n ní ìwà agídí ni, pé owó yẹn ì bá gbẹ́ kànga tó pọ̀ ní Rajasthan. Ó lè gbẹ́ ẹ. Àmọ́ èmi gbà pé wọ́n ṣe é dáadáa. Bí wọ́n bá ti gba owó náà tí wọ́n sì dákẹ́, Bhanwar Jat, ẹni tó dúró ti ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, á kàn di lébìrà nínú ìwé ẹlòmíì.